Nọ́ńbà Méjìdínláàádọ́ta Tísà Chuah

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ

Àná ni oṣù àwọn òkú wọlé, oṣù tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ń ṣí, tí a sì ń jó ẹrù bébà ránṣẹ́ sí wọn. Òórùn tùràrí ti gba gbogbo òpópónà wa, ohun tí wọ́n sì ń jó níwájú ilé ni fáànù kọ̀ǹpútà wọn ń fà símú. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni mo tú lónìí. Eérú ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n jáde nínú mẹ́ta. Ringgit márùndínlógójì ni owó mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ti èṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin àti epo ti gbówó lórí.

Ẹ̀kẹrin ni ti Tísà Chuah. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ òun títí ó fi rí ibi tí mo fẹ́ gbé e kà.

"Sim, ó ń ké bí alùpùpù. Mi ò fẹ́ kó máa ké mọ́ ọkọ mi lẹ́nu lọ́jọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀."

Mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á.

"Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ló máa pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó ti lọ. Ó ní mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ o."

"N kò ní ṣí fáàlì kankan, Màmá."

"Búra."

Mo búra. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Tísà fi ka ìwé ìròyìn fún Màmá láràárọ̀, nítorí pé Màmá kò mọ̀wé kà. Kí àwọn dókítà tó fi iṣẹ́ abẹ gé àpótí ohùn kúrò lọ́fun rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ó jókòó ti ẹ̀rọ yìí fún odidi ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ láti fi sílẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, kò tún sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn.

Òjò rọ̀ ní agogo mẹ́rin, bí ó ti máa ń rọ̀ ní Taiping wa yìí, ní Malaysia. Agogo mẹ́rin ni Tísà náà máa ń yà wọlé tí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà, á sì jókòó sórí àga ike funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. N kò tíì gbé àga náà kúrò.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣe àṣìṣe kan. N ó kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé n kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ níbòmíràn.

Mo nu fáànù ẹ̀rọ Tísà, mo fi òróró kín in, síbẹ̀ ó ń ké. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti gbé ètò tuntun jáde fún bọ́ọ̀dù rẹ̀, ètò tí ń jí i láràárọ̀, wọ́n sì ní yóò mú kí fáànù dákẹ́. Mo fi ètò náà sí i. Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lórí díìsì ẹ̀rọ náà, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u kí a tó fọwọ́ kan ohun tí ń jí bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. N kò tú u. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jí, kò dá ara rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ di búlúù, ó sì béèrè nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tí í ṣe kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà.

Lókè tábìlì iṣẹ́ mi ni mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri láti ọdún tí mo ti kúrò ní políítẹ́kíníìkì: Ṣe àdàkọ kí o tó fọwọ́ kàn án. N kò ṣe àdàkọ. Mo búra pé n kò ní ṣí fáàlì, mo wá fi ìbúra náà ṣe àwáwí fún ara mi. Ènìyàn lè ṣe àdàkọ ohùn láìgbọ́ ọ.

Èmi náà ni mo fi àgádágodo náà sí i ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n jí ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbé ní ibùdókọ̀. N kì í tọ́jú kọ́kọ́rọ́ oníbàárà. Oníbàárà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà, ọ̀wọ́ mẹ́jọ, nọ́ńbà mẹ́fà-mẹ́fà, èmi yóò sì fi mọ́kànlá pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣẹ́kù, a jẹ́ pé ó ṣì í kọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí mo fi èyí han Tísà Chuah, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

"Ìṣirò tó ń ṣọ́ ara ẹ̀! Sim, ogójì ọdún ni mo fi ń wá irú akẹ́kọ̀ọ́ báyìí ní kíláàsì."

Inú ìwé ẹlẹ́yìn pupa kan ni ó kọ ọ́ sí. Ìwé náà wà nínú dúróà tó wà lábẹ́ rédíò nílé wọn. Ohun tó kù ni kí n tẹ Màmá láago kí n sọ pé: Mo ti ti ọkọ yín mọ́lé, ẹ bá mi mú ìwé pupa wá.

N kò tẹ̀ wọ́n láago.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo gbìyànjú láti dá ètò àtijọ́ padà sórí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ

Màmá Chuah tẹ̀ mí láago ní àárọ̀.

"Ṣé ó ti dákẹ́?"

"Ẹ̀yà kan ló kù, Màmá. Ó ń bọ̀ láti Penang."

"Ẹ̀yà wo?"

"Ẹ̀yà fáànù."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ o."

Kò sí ẹ̀yà kankan tó ń bọ̀ láti ibì kankan. Mo fẹ́ ṣe ọ̀nà mìíràn kí n tó béèrè ìwé náà, kí ó lè jẹ́ pé mo gba ẹ̀rọ náà, mo tún un ṣe, mo dá a padà, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. N kò tíì gbé ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni padà ní ipò tó burú ju bí mo ti gbà á lọ.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹjọ

Òjò ní agogo mẹ́rin. Hooi Peng, ọmọbìnrin Tísà, sá wọlé pẹ̀lú páálí ńlá kan lábẹ́ ọ̀rá. Ó ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ipoh nítorí ètùtù bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Hean oníbébà, tí ń fi bébà ṣe ẹrù fún àwọn òkú, ni ó ti ń bọ̀. Láìbéèrè, ó jókòó sórí àga ike tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Àǹtí Sim, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

Láptọ́ọ̀pù bébà ni. Bàbá Hean ti gé gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òwú so máòsì kékeré kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ní kó fi ṣájà sí i, ó ní àwọn òkú kì í lo ṣájà. Mo ní, Bàbá, ẹ ò mọ bàbá mi. Tí bátìrì bá ti ku ìdajì, ara ẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́."

"Ó fi ṣájà sí i bí?"

"Ringgit márùn-ún ló gbà lé e! Ní ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù àwọn òkú la máa jó o, Sunday tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tó máa nílò la máa fi ránṣẹ́ sí i."

Ó ń lọ sílé tààrà. Ó lè ṣí dúróà lálẹ́ yìí kó sì mú ìwé náà wá fún mi lọ́la. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo bi í bóyá ó fẹ́ mu tíì.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ

Alaalẹ́ tí mo bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni mo máa ń yí àga ike náà kọjú sí títì. Ní àárọ̀ òní ó kọjú sí tábìlì iṣẹ́. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá pẹ̀lú. Mo rò pé ilẹ̀ ilé ló dagun. Mo gbé bọ́ọ̀lù irin kékeré kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kò yí lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ jẹ kòéy téòw, núdùùsì ìrẹsì díndín, ní ìdí ọjà. Wọ́n ti gbé pèpéle àwọn akọrin sójú títì, wọ́n sì to àga ọ̀wọ́ iwájú sílẹ̀ fún àwọn tí a kò lè rí. Gbogbo wa fà sẹ́yìn bí ó ti yẹ.

Nígbà tí mo ń padà, mo rí iná ìdílé Chuah láti ìdí afárá. Màmá jókòó lórí àpótí, Hooi Peng ń fi igi gígùn ti bébà sínú iná. Òjò ti ń ṣú, wọ́n ń kánjú. N kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́ kọjá.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ béèrè ìwé náà.

Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi sọ lọ́nà títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ dáadáa, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ń béèrè, ó wà nínú ìwé pupa. Màmá ní kí Hooi Peng mú un wá láti inú dúróà. Hooi Peng kò dìde.

"Ìwé pupa?" ó wí. "Mo ti fi ránṣẹ́ sí Pápá."

"O fi ránṣẹ́ síbo?" ni Màmá béèrè.

"Lánàá. Pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Mo rò pé... Mọ́mì, báwo ló ṣe máa wọlé sínú ẹ̀ láìsí páswọ́ọ̀dù? Ó máa ń gbàgbé. Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé yẹn gan-an, mo tẹ́ ẹ lé e lórí, kó má bàa máa wá a kiri."

Rédíò wà lórí tábìlì, ó ń kéde iye tí wọ́n ń ra rọ́bà. Màmá dìde, ó ṣí dúróà fúnra rẹ̀, ó fa gbogbo rẹ̀ yọ, ó dojú rẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì. Bátìrì, rọ́bà ìdìwé, gíláàsì ojú méjì, ìwé iná mànàmáná. Ó kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan dúróà bàbá ẹ?"

"Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé a ṣì máa..."

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Nígbà náà ni ó yíjú sí mi.

"Sim, ó ti ṣí ẹ̀rọ yẹn níṣojú mi láìmọye ìgbà. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ ju orúkọ ajá wa lọ. Kí ló dé tó fi ń béèrè nọ́ńbà báyìí?"

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní, "Àwọn ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, Màmá."

"Á jẹ́ pé òun ló tì í," ó wí. "A jó ìwé ẹ̀, ó rí i, inú bí i, ó tì í."

Hooi Peng fi ọwọ́ bo ojú. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí n lè rántí pé mo wà níbẹ̀, mo ń wò ó. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀rọ náà ti tì. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ìwé náà fi wà nínú dúróà lẹ́yìn èyí, ó ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

N kò ṣí ilé iṣẹ́. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ara mi kò yá.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Hooi Peng wá ní agogo mẹ́rin, nínú òjò. Kò jókòó lónìí.

"Àǹtí, Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀ láti Monday. Tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á dúró kí n jáde kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Lánàá wọ́n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá Pápá, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí mi."

"Yóò rọlẹ̀."

"Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ti ń kà lórí kàlẹ́ńdà, Àǹtí. Wọn ò mọ nọ́ńbà kà dáadáa, ìlà ni wọ́n ń fà. Ojoojúmọ́. Ìlà àádọ́rùn-ún ni mo kà ní àárọ̀ òní, torí wọn ò tíì fa ti òní." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹni tó ti kú lè ti kọ̀ǹpútà?"

"Rárá."

"Kí ló wá tì í?"

Mo ní mo ṣì ń wádìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi àpò ọsàn kékeré kan sílẹ̀. Ọsàn mẹ́fà. N kò lè jẹ wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹjọ

Mo jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, mo ń gbìyànjú láti rántí àwọn ọ̀wọ́ tí mo pín ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo rántí, bí ó ti ń pè wọ́n jáde fún mi bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. N kò rántí nọ́ńbà kankan. Ojú búlúù ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì. Mo fi aṣọ ìnura Màmá bò ó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yọ lábẹ́ aṣọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹjọ

N ó gbìyànjú láti kọ èyí bí ó ti tẹ̀léra.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, Bàbá Hean oníbébà wọlé, ó ju fóònù rẹ̀ sórí tábìlì mi.

"Ọ̀gá Sim, ó ní òun ti yó. Kò gba fọ́tò mọ́. Iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ilẹ̀."

Ó ní òun máa ń bá gbogbo ẹrù dé ìdí iná, òun a sì ya fọ́tò wọn kí wọ́n tó jó, kí àwọn ọmọ olóòkú má bàa wá sọ pé òun yọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bàbá wọn pamọ́, òun tún un tà fún ẹlòmíràn.

"Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ohun tó jó ti jó."

"N kò ní pa ohunkóhun rẹ́ láìṣe àdàkọ rẹ̀."

"Àdàkọ kí ni? Ilé bébà? Ta ló fẹ́ lọ gbé ibẹ̀?"

"Bàbá, n ó ṣe àdàkọ."

"Kí ló ń ṣe ọ́ lónìí? O dà bí ẹni tí wọ́n lé." Ó wo àga ike, ó fẹ́ jókòó, ó sì tún inú rò. "Màá padà wá lọ́sàn-án."

Mo ṣe àdàkọ náà sórí díìsì mi. Lẹ́yìn èyí mo ṣí àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí i pé wọ́n pé, ohun tí n kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú dírẹ́bà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi òwú so máòsì mọ́, ó ṣí sílẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn pupa kan sì tẹ́ sórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo mú fọ́tò náà tóbi. Ọwọ́ ìkọ̀wé Tísà ni, tó tọ́ bí ti ojú pátákó kíláàsì. Ìlà méjì, ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Nínú ọ̀wọ́ kẹta, èéfín bo nọ́ńbà kan, n kò mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí èje. Mo fi mọ́kànlá pín in. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ó ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ èje, ó pé. Èje ni. Ọ̀wọ́ méje pé pérépéré. Lórí ọ̀wọ́ kẹjọ, wúrà bébà kan jókòó lé nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ẹgbẹ̀rún kan ni ohun tó lè wà lábẹ́ rẹ̀. Mo pín wọn. Àádọ́rùn-ún péré ni mọ́kànlá pín láìṣẹ́kù.

Ìṣirò tó ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Hean padà wá, mo ní n kò ní gba owó. Ó wò mí tìfura-tìfura, ó sì tètè lọ.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ

Mo lè kọ ètò kékeré kan tí yóò dán àádọ́rùn-ún náà wò ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, gbogbo méjìdínláàádọ́ta, ní gbogbo ìgbà. N kò ní kọ ìdí rẹ̀ síhìn-ín.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ní agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, lórí ẹ̀kẹtàlélọ́gọ́ta, ojú búlúù náà ṣú. Mo rò pé ó ti kú pátápátá. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò ajá wọn yọ, ó na ahọ́n síta, pẹ̀lú ibi tí a ó ti kọ orúkọ rẹ̀.

N kò ṣí fáàlì kankan. Mo tú àgádágodo náà, mo ṣe àdàkọ méjì láìgbọ́ ohunkóhun. Fáànù kò ké mọ́. Mo tẹ Màmá láago.

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ti ṣí. Ó wá ní, "Ìwé náà ti dé ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn. Òun ló ṣí i láti ọ̀hún. Àánú mi ló ṣe é."

"Ẹ sọ fún Hooi Peng, Màmá. Ara rẹ̀ yóò balẹ̀."

"Mo ní àánú mi ló ṣe é. Ìyẹn ò sọ pé ohun tí ọmọ yẹn ṣe dáa."

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ̀rọ ti ṣí, iṣẹ́ mi ti parí, kò sí ẹni tó mọ̀. Bí mo ti fẹ́ kó rí láti ọjọ́ kẹjọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Kẹjọ

Mo yí àga ike náà sí títì. Mo tún un yí padà fúnra mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ

Àsíá wà lára gbogbo ilé nítorí ọjọ́ òmìnira, òjò sì ti rin gbogbo wọn. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé Chuah nínú aṣọ ìnura rẹ̀. Wọ́n ti gbé ìrẹsì, ife tíì, àti ọsàn síwájú fọ́tò Tísà. Màmá wọ aṣọ búlúù tí ó fi sin ín. Hooi Peng dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, bí àlejò.

Mo fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tí wọn yóò tẹ̀, mo sì dìde láti máa lọ.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Tó bá tún tì ńkọ́?"

Màmá fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. A kọ́kọ́ gbọ́ bí Tísà ti ń fa àga, lẹ́yìn náà bí ó ti ń wú ikọ́ díẹ̀.

"Ngoh. Ṣé o ti jókòó? Jókòó. Mo mọ̀ pé orí ìdúró lo wà."

Ngoh ni orúkọ Màmá. Orí ìdúró ni ó wà lóòótọ́. Ó jókòó.

"Òní lọ́gọ́rùn-ún, tó o bá ka ìlà ẹ dáadáa. Màá ka ìwé ìròyìn fún ọ, àwọn tó ti pẹ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ àwọn olóṣèlú ò yí padà, o ò ní mọ ìyàtọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀: tí ẹ̀rọ yìí bá yọ ọ́ lẹ́nu, Sim ni kó o gbé e fún. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù fóònù yẹn. Sim kì í rẹ́ni jẹ. Wàhálà ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó máa ń dákẹ́. Tí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Tó bá ti wá dákẹ́ jù, bi í."

Màmá na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Ohùn náà dúró.

"Sim. Ó ní kí n bi ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ètò tí mo fi sí bọ́ọ̀dù láìtú àgádágodo, àdàkọ tí n kò ṣe, ẹ̀yà tí kò bọ̀ láti Penang, ọjọ́ mẹ́wàá tí ìwé fi wà nínú dúróà. Mo ní kì í ṣe Tísà ló tì í, kì í ṣe òun ló ṣí i, kì í sì í ṣe Hooi Peng ló fà á. Ohùn mi kò gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kó gbọ̀n.

Hooi Peng ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ kẹrìnlá tí mo wá. Ó ti tì nígbà yẹn?"

"Ó ti tì."

"Mo jókòó síwájú yín. Mo ń fi láptọ́ọ̀pù bébà ṣàwàdà. Ẹ bi mí bóyá màá mu tíì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo gbé ọsàn wá fún yín, Àǹtí!"

Màmá kò wo èyíkéyìí nínú wa. Fọ́tò ni ó ń wò. Ó ní, láìyíjú, "Hooi Peng. Wá jókòó tì mí." Ọmọ náà kò mira. "Mo ní wá. Èmi ni mo ṣì ọ́ bá wí. Wá jókòó, bàbá ẹ ń dúró."

Hooi Peng wá, ó jókòó. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí itan, ó wá kọjú sí mi.

"O máa ń ka ìwé ìròyìn?"

"Mo máa ń kà á, Màmá."

"Agogo méje àárọ̀, láti Tuesday. Ó máa wà lórí tábìlì."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ṣé mo bi òun náà títí di ìgbà wo?" Ó na ìka sí bọ́tìnì. "Máa lọ sílé. Ìyókù yìí kì í ṣe tìẹ."

Mo ti dé ojú títì kí ohùn rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí dé ìdí afárá, tàbí mo rò pé mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Òní ni ilẹ̀kùn àwọn òkú tì. Eérú wà ní gbogbo ojú àgbàrá. Mo gbé àga ike náà wọ inú yàrá ẹ̀yìn, mo sì tún gbé e jáde. Àyè ibẹ̀ ṣófo jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ibẹ̀ nígbà tí agogo méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àga ọparun Tísà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, ìwé ìròyìn sì wà lórí tábìlì, wọ́n ti ká a dáadáa. Hooi Peng gbé ife kọfí méjì wá. Ó gbé ọ̀kan síwájú ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó sì mu èkejì. Kò kí mi.

Mo béèrè ojú ewé tí n ó kọ́kọ́ kà.

"Ti àwọn tó kú," ni Màmá wí. "Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Mo ṣí i. Wọ́n pọ̀ lónìí, ìlà gbọọrọ mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ ewé. Mo ka orúkọ àkọ́kọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì bọ́ sí èkejì. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Rọra, Sim. Òun kì í sáré tó bá dé ibi orúkọ."

Mo padà sí orúkọ àkọ́kọ́.